Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Aránṣọ

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fún un. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jókòó ti máṣíìnì, tó ti rán aṣọ ìyàwó, aṣọ ọmọ iléèwé, aṣọ adájọ́ àti aṣọ tí wọ́n fi ń sin òkú, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n ní kó fi bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Nígbà tó gba ìwé ìpè, ó kà á tán, ó yí i sẹ́yìn bóyá ìṣẹ́jú yòókù wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé funfun báláú.

Adití ni aránṣọ. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ibà líle kan mú un. Ibà lọ, ó sì mú etí rẹ̀ dání lọ. Láti ìgbà náà, bí máṣíìnì ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni orin tó mọ̀. Àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pè é ní orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà. Ìka méjì ni wọ́n máa ń fi kan ètè tí wọ́n bá fẹ́ pè é, nítorí pé tó bá ń gé aṣọ, àárín ètè rẹ̀ ló máa ń to abẹ́rẹ́ sí. Abẹ́rẹ́lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹnu tí òun ò fi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó kúkú ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé ìlú àpérò kò lọ́jú pọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí, wọ́n ti fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀, àfi ẹsẹ kan ṣoṣo, ẹsẹ kejìdínlógún. Bí wọ́n ṣe kọ ẹsẹ náà ni pé, adití tó bá dé ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹjọ́, ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ èdè ọwọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ẹrù yẹn ti wúwo jù fún àwọn. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará ilé adití ni kó máa túmọ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa dìbò lé e. Ẹnì kan péré ni wọ́n gbà kó sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn adití kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn adití sì fi àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, wọ́n mú aránṣọ.

Agbẹjọ́rò ló fa èyí. Afọ́jú ni Agbẹjọ́rò, òun ló kọ ẹsẹ kejìdínlógún níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tó sì ń tẹ̀ lé e láti ìpàdé dé ìpàdé bí ẹni ń mú àkọ́bí lọ síléèwé. Òun àti aránṣọ ti ń bára wọn bọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Fóònù ni wọ́n fi ń jiyàn: Agbẹjọ́rò á sọ̀rọ̀ sínú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á di kíkọ kí aránṣọ kà á, aránṣọ á tẹ èsì, fóònù á kà á sókè fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, wọ́n jókòó sí yàrá ìjẹun tó wà nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn àpérò. Ọmọ aránṣọ wà pẹ̀lú wọn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé ìfìwéránṣẹ́. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìrìn àjò yìí.

“O ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀?” Agbẹjọ́rò bi í.

“Mi ò kọ nǹkan kan,” ni fóònù kà jáde.

“Ìyá Aránṣọ, ojú mi ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àyà mi náà já.”

“Fọkàn balẹ̀. Aṣọ tí mo bá ti gé lọ́kàn, mi kì í wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ṣé kò ní kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣá? Ìwọ tí o fi wákàtí kan gbáko bá mi jà lórí àwọ̀ ṣòkòtò tí èmi ò rí.”

“Ìwọ ò rí i. Àwa tí à ń rí i ńkọ́?”

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ó yí sí ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ tábìlì bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. “Màámi, ìtàn wo lẹ fẹ́ sọ fún wọn gan-an?”

“Wàá rí i.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí.”

“Jẹ búrẹ́dì rẹ,” ni ìyá fi dáhùn.

Ohun kan wà láàárín ìyá àti ọmọ yìí láti ọdún méjìdínlógún, tí ẹnì kankan nínú wọn kò fi ọwọ́ kàn rí. Ìyá ti pinnu pé òní ni òun máa fọwọ́ kàn án, lójú gbogbo ayé, nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú Ẹlẹ́dàá. Ọlọ́run tó gba etí mi, tó fún mi lọ́wọ́, kò sí èyí tí mo bá ọ ṣẹjọ́ lé lórí. Bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó ń lọ. Má jẹ́ kó já sọ́nà. Ó ṣe àmín, ó fọ ojú rẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó jáde.

Ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle ni ògbufọ̀ ti ń dúró dè é. Ọ̀dọ́kùnrin ni, táì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojúlówó iléèwé ló ti kọ́ èdè ọwọ́, àwọn èèyàn ńláńlá ló sì máa ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni yóò jókòó sí iwájú, kó máa wo ọwọ́ aránṣọ, kó sì máa fi ohùn sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí gbọ̀ngàn bá sọ, òun náà ni yóò fi ọwọ́ sọ ọ́ padà.

“Ìyá, ẹ má mikàn,” ó fi ọwọ́ sọ. “Mo máa bá yín tún un ṣe kó dùn létí.”

“Létí ta?”

“Létí àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyí.”

Aránṣọ rò pé ọmọ náà ń ṣàwàdà. Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó gun pèpéle.

Ẹ wo ọwọ́ aránṣọ. Ọwọ́ tí ń gba aṣọ ní pípé, tí ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ń dá a padà ní ẹ̀wù. Ọwọ́ tó mọ èjìká olówó, tó mọ èjìká alágbàṣe, tó sì mọ̀ pé téèpù kan náà la fi ń wọn méjèèjì. Ọwọ́ tí ń pè láìkígbe, tí ń dáhùn láìfọhùn, tí ń kọrin sun ọmọ láìlohùn. Ó gbé ọwọ́ náà sókè níwájú àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, àwọn tó jókòó sórí àga àti àwọn tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, gbogbo wọn pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ nínú etí. Lára ògiri, aago pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn.

Àwàdà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kí alága, màmá àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi kí ẹni tó rán kóòtù yín. Ẹ sọ fún un pé èjìká òsì ga ju ọ̀tún lọ, kó dá owó yín padà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ rò ó pé bóyá àwọn èèyàn ibí kì í ṣẹ̀fẹ̀. Ó kọjá sí ọ̀rọ̀ gan-an.

Ó ní, “Oyún mi kejì pé oṣù mẹ́jọ, kò mira mọ́. Mo lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní, sọ fún màmá rẹ pé ọmọ inú rẹ̀ ti kú.”

Ó wo iwájú. Aṣojú kan ń da omi sínú ife. Òmíràn ń kọ nǹkan, ojú rẹ̀ tutù. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń kí àlejò.

Aránṣọ ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ara èèyàn. Oníbàárà lè ní aṣọ náà bá òun mu, kó máa dúpẹ́ títí; tí apá rẹ̀ bá le, aránṣọ mọ̀ pé kò bá a mu. Ojú tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lọ́wọ́ òun kọ́ ni èyí tó dé etí wọn.

Ó gbé ojú sókè síbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ ti dìde dúró lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. “Màámi, kò sọ ọ́. Ó ní ẹ kí alága, ẹ sì ní ìtọ́jú yín nílé ìwòsàn kò rọrùn. Ó parí síbẹ̀.”

Aránṣọ dá ọwọ́ dúró. Ó ku ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ó wo ògbufọ̀.

“Ọmọkùnrin, kí lo sọ fún wọn?”

Ojú ti ògbufọ̀. “Ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù fún irú ibí yìí. Mo mú un rọ̀ díẹ̀ ni. Nítorí yín ni.”

Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọwọ́ méjèèjì tó ń lọ tó ń bọ̀, wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ aránṣọ fi ohùn sọ̀rọ̀ láti òkè. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ohun tí ìyá mi ń sọ lẹ̀ ń gbọ́.”

“Ta nìyẹn?” alága bèèrè.

“Ọmọ rẹ̀ ni mí, mà. Mo gbọ́ èdè méjèèjì.”

Kí alága tó dáhùn, aṣojú kan ti tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀. Awò ojú ọkùnrin náà nípọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ń pè é ní Onígíláàsì láàárín ara wọn. Òun ni olórí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n yọ ẹsẹ kejìdínlógún. Kì í pariwo, bí ẹni ń rẹ ọmọ ló máa ń sọ̀rọ̀. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ ti rí i fúnra yín báyìí. Ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ ló wà níwájú wa yìí, ibi tó bá a dé sì nìyẹn. Ta ló lè túmọ̀ fún ìyá ju ọmọ lọ?”

Ọ̀pọ̀ orí mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Agbẹjọ́rò fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ń wó lọ níṣojú afọ́jú. Ọmọ sì ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bí òun ṣe ń bọ̀ yìí, òun ń gbé ìbò lọ fún Onígíláàsì.

Ògbufọ̀ fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún aránṣọ, kò fo ọ̀kan. Aránṣọ rí i, ó yé e. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

“Dúró níbẹ̀. Padà lọ jókòó.”

“Màámi, àkókò ń lọ.”

“Mo ní kó o lọ jókòó. O ti ṣe tìẹ.”

Ọmọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wo ìyá rẹ̀, ó padà sókè. Aránṣọ wá yí sí ògbufọ̀.

“Ìwọ. Iṣẹ́ rẹ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ mi. Tí oníbàárà bá ní aṣọ dúdú lòun fẹ́, ṣé kí n rán funfun fún un torí pé dúdú ń bà mí nínú jẹ́? Tí mo bá sọ òkú, sọ òkú. Tí mo bá bú ẹ, sọ ọ́ fún wọn pé mo bú ẹ.”

Ògbufọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Alága, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti ń bomi la ọ̀rọ̀ ìyá yìí látìgbà tó ti gun pèpéle. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni pé iṣẹ́ mi ni, kì í ṣe ti ọmọ òun. Tí inú yín bá dùn sí i, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Alága wo aago, ó wo aránṣọ. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí mẹ́rin.

Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòtù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i bí àwọn èjìká ṣe ń mì láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn. Alága fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan èjìká òsì, ó bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá sọ ti dókítà, ó sọ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ sì dé ibi tó ń lọ. Ó rí i lójú wọn. Ẹni tó ń mu omi gbé ife kalẹ̀.

“Mo bi ọmọ mi léèrè pé kí ni dókítà wí,” ó ń bá a lọ. “Aṣọ iléèwé ló wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣí wálẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, Màámi, ọmọ ń sùn. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta òní. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán aṣọ ìkókó, aláwọ̀ òféfèé, mo ṣe ìṣẹ́tí sí i lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi mú òwú dání. Ó mọ̀. Èmi ò mọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, lójú nọ́ọ̀sì, ni mo ti wá kà á.”

Ògbufọ̀ ń sọ ọ́ bó ṣe ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kò bomi là á mọ́.

“Bàbá tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan bi wá pé ta ló lè túmọ̀ fún ìyá ju ọmọ lọ. Bàbá, mo dá yín lóhùn: ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣe léṣe ni. Ọmọ mi kò purọ́ nítorí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó fẹ́ràn mi, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ ọ́. Ògbufọ̀ yìí náà, àánú mi ló ṣe é, ẹ sì rí ohun tí àánú fi ọ̀rọ̀ mi ṣe. Òun, mo lè sọ fún un pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́ ọ, wọ́n ń sanwó fún un, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà tí mo lè fi bá a wí. Ìwé wo ni mo fẹ́ fi bá ọmọ ọdún mẹ́jọ wí? Ẹ fi ẹsẹ kejìdínlógún sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa máa ṣe ọmọ.”

Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè sí àwọn òǹwòran. “Ìwọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé o mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mi ò bínú sí ẹ rí, ọjọ́ kan ṣoṣo báyìí.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ ìyẹn náà.

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Aránṣọ ní òun ti parí, kí wọ́n fi ìyókù nu ojú. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ìbò kò pẹ́. Káàdì àwọ̀ ewé fún ẹni tó fẹ́ kí ẹsẹ náà dúró, káàdì pupa fún ẹni tó fẹ́ kó kúrò. Aránṣọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbẹjọ́rò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi ìka tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún káàdì àwọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè. Nígbà tó yá, ìka kò lè bá a lọ mọ́. Ó kàn ń gbá ọwọ́ afọ́jú náà ni, gbá, gbá, gbá, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ, Agbẹjọ́rò sì ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yíká pé, “Ṣé wọ́n ti pọ̀ tó ni? Ẹ sọ fún mi, obìnrin yìí fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́wọ́.” Onígíláàsì kò gbé àwọ̀ ewé, kò gbé pupa. Ó yọ awò rẹ̀, ó ń fi etí kóòtù nù ún, káàdì méjèèjì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Mẹ́rìnléláàádọ́fà orílẹ̀-èdè ní kó dúró. Mọ́kànlá kọ̀. Nígbà tí iye náà hàn lára ògiri, àwọn adití tó wà nínú gbọ̀ngàn, láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì í bí ewé igi tí atẹ́gùn gbà, bí adití ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tí etí wọn ń gbọ́ kọ́kọ́ ń pàtẹ́wọ́ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀, àwọn náà nawọ́ sókè. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí kò fi ẹnikẹ́ni ṣe àṣedànù. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì kún fún ayọ̀ dé òrùlé. Agbẹjọ́rò dìde, ó ní kí wọ́n kọ ojú òun sí ibi tí pèpéle wà, ó sunkún bó ṣe wù ú.

Ọmọ aránṣọ bá ìyá rẹ̀ ní ìta, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ mọ̀?”

“Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o mọ̀?”

“Mo rò pé ẹ máa kú.”

“Mo rò pé wàá sá kúrò nílé.” Ìyá fi àtàǹpàkò nu ojú ọmọ, bó ti máa ń nù ún kí ó tó lọ síléèwé. “Òpè ni àwa méjèèjì.”

Àwọn oníròyìn ti ń bọ̀, bí mẹ́fà, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti iná. Ẹni iwájú kọjá lára aránṣọ, ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹnu ọmọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi màmá yín léèrè, báwo ló ṣe rí lára wọn?”

Ọwọ́ ọmọ ti gòkè tán bí ìṣe wọn láti kékeré. Ó wò ó níbi tó wà. Ó rọra gbé e padà, ó tì í bọ àpò.

“Ògbufọ̀ ló wà lẹ́yìn yín yẹn,” ó sọ fún oníròyìn. “Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Èmi ń lọ jẹun, ebi ń pa mí.”

Ó sì lọ lóòótọ́. Aránṣọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà sí yàrá ìjẹun, ó wá kọjú sí àwọn oníròyìn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n bèèrè ohun tó bá wù wọ́n.